Ìkòkò Tí Wọ́n Ti Sun

Bùnmi, jẹ́ kí n rọ́ àlá yìí fún ẹ kí n tó gbàgbé. Màámi ni mo rí. O mọ̀ pé ìkòkò ni wọ́n ń mọ nígbà ayé wọn. Èyí tó bá sán kí wọ́n tó sun ún, omi ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sí. Á tún padà di amọ̀, wọ́n á fi mọ òmíràn. Ṣùgbọ́n èyí tí iná bá ti sun, omi ò lè sọ ọ́ di amọ̀ mọ́.

Lójú àlá, èmi ni ìkòkò, mo sì ti sán. Màámi wá kéré sí mi lọ́jọ́ orí! Mo ní, “Màámi, ẹ rẹ mí sómi.” Wọ́n fi ìka kàn mí, mo dún kókó. Ojú wọn rọ̀.

“Ó mà ṣe o, ọmọ mi, wọ́n ti sun ẹ́.”

Mo ti wẹ̀ láàárọ̀ yìí, Bùnmi. Omi kàn ṣàn kúrò lára mi ni.