Páànù tí Jìbírílù Tú

"Má tíì fọwọ́ kàn án, yóò bó ọ lọ́wọ́," ni Akínwọlé, alábòójútó oko ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tó wà lẹ́yìn Ìdógùn, wí. Katakata kékeré náà tún ti gbóná, ó ti kú sáàárín ebè, èéfín sì ń rú lára rẹ̀.

Jìbírílù, mẹkáníìkì tó wá láti Ọ̀wọ̀, dúró títí ó fi tutù díẹ̀, ó wá yẹ ọ́ìlì wò. Ọ́ìlì kún. Akínwọlé fúnra rẹ̀ ló bù ú sí i láàárọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lójú gbogbo òṣìṣẹ́, ó ti sọ pé Boniface tó ń wà á kì í yẹ ọ́ìlì wò, òun ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná. Ọ́ìlì dín díẹ̀ lóòótọ́ lọ́jọ́ náà, kò sì wo ohun mìíràn kó tó la ẹnu. Ọjọ́ náà ni wọ́n dá Boniface dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Ó wo fáànù, kò kán. Kò sí koríko tó há sára ẹ́ńjìnnì. Ó tún tan án, ó na ọwọ́. Afẹ́fẹ́ fáànù ń fẹ́ sí i láyà, kò kan ẹ́ńjìnnì rárá.

Ìgbà náà ló yé e. Oṣù méjì sẹ́yìn, òun ló tú páànù tí wọ́n fi bo ẹ́ńjìnnì náà dànù, pé kí ara rẹ̀ lè tutù. Ta ní í wọ ẹ̀wù òtútù nínú oòrùn? Ẹ́ńjìnnì lọ́rì tó ń mu omi ló mọ̀ láti kékeré. Eléyìí kì í mu omi, afẹ́fẹ́ lomi tirẹ̀, páànù yẹn ló sì ń kó afẹ́fẹ́ náà lọ bá a.

Akínwọlé bi í pé kí ló ṣe é. Jìbírílù ní páànù kan wà ní ṣọ́ọ̀bù òun l'Ọ́wọ̀, bí òun bá ti dè é mọ́ ọn, yóò dára. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òun gé òótọ́ náà kù.

Ó gun alùpùpù rẹ̀, ó sì yà sílé Boniface, bàbá Yétúndé. Boniface bu omi fún un, kò bínú, èyí ló sì dùn ún jù.

"Mo ti rò ó títí, Jìbírílù," ló wí. "Ó lè jẹ́ òótọ́ lo sọ. Bóyá mo gbàgbé ọ́ìlì yẹn lọ́jọ́ kan. Àgbà ti ń dé."

Jìbírílù gbé omi náà sílẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kíkúnlẹ̀ gan-an ló nira. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá Yétúndé, ẹ ò gbàgbé nǹkan kan. Èmi ni mo tú ohun tó ń mú un tutù. Èmi ni mo bà á jẹ́, mo sì gbé e rù yín."

Boniface fà á dìde. "Ọ̀gá Akínwọlé ti gbọ́?"

"Rárá. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Ojú gbogbo wọn ni mo ti bà yín jẹ́, ojú gbogbo wọn ni màá ti sọ ọ́."

Boniface wọ yàrá lọ. Nígbà tó jáde, aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀.