Lẹ́tà Mẹ́tàlélọ́gọ́ta Bàbá Aláago

Inú bí Bàbá Aláago débi pé ó wọ bàtà òsì sẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ó sì rìn bẹ́ẹ̀ dé ìdí mọ́tò kó tó fura. Owó ìnṣọ́ránsì mọ́tò náà ló fò sókè. Ìlọ́po méjì gbáko! Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i kò ju ìlà mẹ́ta lọ, ìlà mẹ́ta yẹn sì ti fẹ́ sọ arúgbó di ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni Bàbá. Ogójì ọdún ló fi tún aago ṣe, kò sì fi mọ́tò gbá ẹnikẹ́ni rí, àfi agbọ̀n ìdọ̀tí kan, òun náà sì ní agbọ̀n ọ̀hún ló wá bá òun. Mọ́tò yìí ló fi ń gbé ìyàwó rẹ̀, tí orúnkún ń dà láàmú, lọ sílé ìwòsàn ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Àmọ́ Àkọ́bí wọn ti ní kí Bàbá yé wa mọ́tò. Wọ́n fà á títí, wọ́n wá fẹnu kò: tí owó ìnṣọ́ránsì bá tún fi lè lé sí i, a jẹ́ pé àwọn tó mọṣẹ́ gan-an ti rí i pé Bàbá ti darúgbó jù nìyẹn, kó kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni Àkọ́bí ń bọ̀ wá gbà á.

Ni Bàbá bá gba ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì lọ. Ọmọbìnrin kan tó lo awò ojú ló bá nídìí káńtà.

"Ọmọ mi, ṣé torí pé mo darúgbó ni?"

"Ọjọ́ orí yín fi díẹ̀ kún un, Bàbá, mi ò ní purọ́. Àmọ́ àdúgbò yín gan-an ló ba nǹkan jẹ́."

"Àdúgbò wa kẹ̀? Àbúrò mi, tí ojú rẹ̀ kan ò ríran, tó máa ń bẹ mọ́tò kó tó yà sọ́tùn-ún, ìdajì tèmi ló ń san níbí yìí!"

"Àdúgbò tiwọn dákẹ́ ni, Bàbá. A máa ń wo ibi tí wọ́n ti ń jí mọ́tò, ibi tí omi ti ń bo ojú ọ̀nà, ibi tí mọ́tò ti ń kọlu ara wọn. Ó sì máa ń wúwo lórí àwọn àgbà jù, torí tí wọ́n bá fara pa, kì í tètè jinná." Ó tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Háà! Ẹ wo kọ́nà iwájú ilé yín. Ìjàǹbá mẹ́tàlélọ́gọ́ta láàárín ọdún mẹ́ta! Kò sí kọ́nà tó tó o ní gbogbo ìlú yìí."

"Irọ́ ni! Ta ló kà á?"

"Ọ́fíìsì tó ń bójú tó títì la ti ń gba àkọsílẹ̀, Bàbá. Tàwọn àdúgbò tó kù kàn rí wúruwùru ni, àmọ́ tiyín dára débi pé ọ̀gá wa máa ń fi han àwọn òṣìṣẹ́ tuntun. Ẹ gbọ́: 'Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Kẹ̀kẹ́ ọmọdé kan fara gbá ògiri. Nǹkan kan kò ṣe ògiri.'"

Bàbá yára fi ọwọ́ bo aago ọwọ́ rẹ̀. Ta ló tún ń ka ìṣẹ́jú àáyá, bí kò ṣe òun? Ọdún mẹ́ta ló ti ń jókòó sójú fèrèsé pẹ̀lú aago ọwọ́ rẹ̀, tó ń kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì yẹn pé kí wọ́n wá ṣe bọ́ǹpù tí mọ́tò á fi máa rọra sá ní kọ́nà náà. Mọ́tò bá mọ́tò, á kọ ọ́. Ajá kọsẹ̀, á kọ ọ́. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀.

"Àbí ẹ mọ ẹni tó ń kọ ọ́ ni, Bàbá?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n o," ni Bàbá yára fèsì. "Àmọ́ ó jọ ọlọ́gbọ́n èèyàn."

Nígbà tó délé tó rò ó fún ìyàwó rẹ̀, ìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi di orúnkún mú. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yí padà. "Tí Àkọ́bí bá gba kọ́kọ́rọ́ lọ ńkọ́? Ṣé ẹ̀yin lẹ máa pọ̀n mí lọ sílé ìwòsàn ní Ọjọ́bọ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Bàbá dénú. Ó ní òun á kọ lẹ́tà míì, pé àṣìṣe ni gbogbo ti tẹ́lẹ̀. Ó jókòó, ó mú bírò, ọwọ́ kọ̀ kò lọ. Irọ́ ò mọ́ ọn lára. Ó tiraka títí ó fi kọ ọ́ pé, 'Àdúgbò wa tòrò, mìmì kan ò mì wá.' Kò tíì gbé bírò sílẹ̀ tí nǹkan fi dún gbàà níta!

Àwọn méjèèjì sáré jáde, ìyá pẹ̀lú orúnkún rẹ̀. Àkọ́bí ló fi eré yọ ní kọ́nà, tó lọ kọlu ìdí mọ́tò bàbá rẹ̀ tó dúró jẹ́jẹ́ síwájú ilé. Iná ẹ̀yìn ti fọ́ yángá. Àkọ́bí dúró ní títì, fóònù ṣì wà létí rẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Kọ́nà yìí…"

"Kí ni kọ́nà ṣe?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Ó burú, Màmá."

Bàbá wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó wọlé, ó ya lẹ́tà irọ́ yẹn sí wẹ́wẹ́, ó sì mú ìwé tuntun. Àkọ́bí ti gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé, ó ń bẹ̀bẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́! Owó ìnṣọ́ránsì tèmi náà máa lọ sókè. Èmi ni màá san èyí tí wọ́n fi kún tiyín. Mi ò béèrè kọ́kọ́rọ́ mọ́."

"Wàá san án," ni Bàbá wí. "Màá sì kọ ọ́. A ò ṣáà tíì rí bọ́ǹpù."

"Ẹ kọ ọjọ́ orí ẹ̀ sí i o," ni ìyá wí láti ẹnu ọ̀nà. Ó na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀. "Kọ́kọ́rọ́ tìẹ dà? Mú un wá."

Bàbá tẹ bírò mọ́lẹ̀ dáadáa. 'Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án. Mọ́tò kọlu mọ́tò. Ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ló wa èyí tó kọlu èkejì. Arúgbó tó ni èkejì jókòó jẹ́ẹ́ nínú ilé rẹ̀.'