Ohun Tó Kù Nínú Bátìrì

1.

…ni mo ṣe ní kí n kó gbogbo ohun tí mo rí àti ohun tí mo gbọ́ jọ síbí, bí mo ṣe máa ń kó àjákù aṣọ jọ lábẹ́ máṣíìnì. Aránṣọ ni mí. Mo mọ̀ pé àjákù mìíràn wà tí kì í di ẹ̀wù.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń tọ́jú ilé bátìrì àdúgbò wa. Bàbá wa kú nígbà tí bátìrì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mi ò sí níbẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó wà níbẹ̀, ẹnu wọn ò kò lórí bó ṣe ṣẹlẹ̀.


2.

ÌKÉDE
(lára ilẹ̀kùn ilé bátìrì, ẹ̀gbọ́n mi ló kọ ọ́)

Ẹ MÁ FI INÁ YÌÍ LỌ AṢỌ.
Ẹ MÁ FI INÁ YÌÍ SE OMI ÌWẸ̀.
OÒRÙN LA KÓ PAMỌ́ SÍBÍ. BÍ Ẹ BÁ JẸ Ẹ́ TÁN LỌ́SÀN-ÁN, KÍ LẸ FẸ́ JẸ LÁLẸ́?
WẸ́DÀ, ÌWỌ NI MÒ Ń BÁ WÍ.


3.

Àwọn oníná ti gbé tiransifọ́mà wa lọ, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ tún un ṣe. Àlọ rẹ̀ la rí, a ò rí àbọ̀ rẹ̀. Ni àdúgbò bá dáwó, a ra páńẹ́lì sólà, a tò ó sórí òrùlé ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan tó ti kógbá wọlé. Inú ṣọ́ọ̀bù yẹn la to àwọn bátìrì sí, lórí pẹpẹ onírin tí wẹ́dà àdúgbò wa jó pọ̀, bíi búrẹ́dì. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ti ń tún rédíò ṣe tẹ́lẹ̀, ni wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ fún. Màdámú Oòrùn ni wọ́n ń pè é.

Ìlà méjì ló jáde níbẹ̀. Ọ̀kan lọ sí àwọn ilé, ọ̀kan lọ sí ilé ìwòsàn. Àdéhùn wa ni pé bí bátìrì bá ń lọ sílẹ̀, ìlà ilé la ó pa. Ti ilé ìwòsàn di èèwọ̀. Gbogbo wa la nawọ́ sókè. Bàbá náà nawọ́. Ara wọn ṣì le nígbà yẹn.


4.

Òkúta fífọ́ ni iṣẹ́ tí Bàbá ṣe, títí eruku fi wọ inú ẹ̀dọ̀fóró wọn, tó jókòó síbẹ̀ bí ayálégbé tí kò fẹ́ kó jáde. Dókítà ní kí a wá ẹ̀rọ tó ń fa atẹ́gùn. Ó funfun, ó tó àpótí ìrìn-àjò. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tinú rẹ̀ jáde, ó wọ imú wọn. Bí iná bá wà, ẹ̀rọ náà á máa hanrun. Bí kò bá hanrun mọ́, kì í pẹ́ tí ètè wọn á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú.

Bàbá a máa fi ṣàwàdà pé a ti sọ àwọn di fóònù: a kàn ń ṣáàjì àwọn ṣáá, kò sì sẹ́ni tó ń pè.


5.

Lójúkojú, “ẹ” ni mo máa ń pe ẹ̀gbọ́n mi. Nínú ìwé yìí, “ó” ló ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó yẹ kí n tún un kọ.

Mi ò tún un kọ.


6.

Òjò dé, kò dáwọ́ dúró. Odò gbé afárá lọ. Ọkọ̀ epo ò lè wọlé mọ́, ni jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn bá di àga tí ewúrẹ́ ń sùn lé. Sílíńdà atẹ́gùn wọn ti ṣófo, èyí tí wọ́n fẹ́ fi pààrọ̀ rẹ̀ wà lódìkejì odò. Sánmà dúdú bí ìdí ìkòkò. Àwọn páńẹ́lì tẹ́jú sórí òrùlé bí àwo tí ẹnikẹ́ni ò bu oúnjẹ sí.


7.

ÀTẸ̀JÍṢẸ́, ojú ìwé àdúgbò lórí fóònù

WẸ́DÀ: Màdámú Oòrùn, báwo ni bátìrì?
Ẹ̀GBỌ́N MI: Ó ń lọ sílẹ̀. Ẹ pa fíríìjì yín, gbogbo yín.
WẸ́DÀ: Ìyàwó mi ti bímọ láàárọ̀. Oṣù rẹ̀ ò pé. Wọ́n ti gbé ọmọ náà sínú àpótí tó ń mú un móoru.
Ẹ̀GBỌ́N MI: Ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ fọkàn balẹ̀. Mi ò ní pa ìlà ilé ìwòsàn.
ÈMI: Bàbá ńkọ́?

(Ó ka èyí.)


8.

Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sílé wá dáhùn. Omi ń ro lára rẹ̀. Ó ní àfi kóun pa ìlà ilé ní ọ̀sán yẹn, kí a tètè gbé Bàbá lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n lọ jẹ nínú ìlà tòhún.

Wẹ́dà ló gbé ọmọlanke wá. Òun fúnra rẹ̀ ló tì í. A fi ọ̀rá bo Bàbá mọ́lẹ̀ títí dé ọrùn, mo gbé ẹ̀rọ rù. Bàbá ò lè sọ̀rọ̀ púpọ̀, síbẹ̀ wọ́n ṣàdúrà fún ọmọ wẹ́dà lójú ọ̀nà. Wẹ́dà ń ṣe àmín, ó ń ti ọmọlanke, kò bojú wẹ̀yìn.


9.

Yàrá kan péré ni iná rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n tẹ́ Bàbá sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí onígíláàsì. Ọmọ inú rẹ̀ kò tó bàtà bàbá rẹ̀. Ìyá ọmọ wà ní yàrá kejì, wọn ò tíì mọ̀ bóyá ó máa lajú.

Nọ́ọ̀sì ti pa gbogbo gílóòbù. Ẹ̀gbọ́n mi wo mítà bátìrì tó wà lára ògiri, ó tún un wò. Ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ka iye owó ọjà tí kò lè rà:

“Ohun tó kù lè gbé méjèèjì dé ìrọ̀lẹ́. Tàbí kó gbé ọ̀kan mọ́jú.”

Nọ́ọ̀sì ní rọ́bà imú Bàbá ti ń sán, kí n sáré lọ mú òmíràn wá nílé.

Mo lọ.


10.

OHÙN TÍ MO GBÀ SÍLẸ̀: NỌ́Ọ̀SÌ

ÈMI: Ta ló yọ wáyà Bàbá?
NỌ́Ọ̀SÌ: Kò sẹ́ni tó yọ nǹkan kan. Bátìrì ló rẹ̀. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, ó máa ń já ẹrù tó wúwo sílẹ̀.
ÈMI: Àpótí ọmọ ò kú.
NỌ́Ọ̀SÌ: Ọlọ́run ló kó o yọ.
ÈMI: Ìlà kan náà ni, Mà.
NỌ́Ọ̀SÌ: Àbúrò mi, èyí tí mo ti fojú rí nínú yàrá yẹn pọ̀. Jẹ́ kó jẹ́ bátìrì.


11.

OHÙN TÍ MO GBÀ SÍLẸ̀: WẸ́DÀ

WẸ́DÀ: Bàbá ló yọ ọ́ fúnra wọn. Wọ́n bi mí pé ọkùnrin ni àbí obìnrin. Mo ní obìnrin ni. Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n wá nawọ́ sẹ́yìn, wọ́n fà á.
ÈMI: Bàbá ò lè gbé ife omi dé ẹnu. Èmi ni mò ń fún wọn mu.
WẸ́DÀ: Wọ́n fà á.
ÈMI: Ara ògiri ni wáyà yẹn wà, lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì.
WẸ́DÀ: (ó ń sunkún)
WẸ́DÀ: Ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ yẹn, èmi ni mo máa tọ́ ọ dàgbà. Bó bá bi mí lọ́jọ́ kan, kí ni kí n sọ fún un?


12.

Ohun tí ojú tèmi rí nìyí. Àgbàrá ti gba ọ̀nà, mo pẹ́. Nígbà tí mo wọlé, rọ́bà tuntun wà lọ́wọ́ mi nínú ọ̀rá. Iná àpótí ọmọ ń tàn. Yàrá náà dákẹ́; kò sí ìhanrun. Wáyà wà nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ Bàbá mú, ó ń fi àtàǹpàkò ra ẹ̀yìn ọwọ́ wọn, bí ẹni pé ìdọ̀tí wà níbẹ̀.

Mo bi í pé, “Ta ni?”

Ó ní, “Èmi ni.”


13.

Oòrùn yọ lọ́jọ́ kejì bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Kí ọ̀sán tó pọ́n, bátìrì ti ń kún. Fíríìjì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn káàkiri àdúgbò.


14.

ÀWỌN OHUN TÍ WỌ́N Ń SỌ, níbi tí mo ti ń ránṣọ, nígbà tí wọ́n bá rò pé ariwo máṣíìnì ò jẹ́ kí n gbọ́:

— Ọmọ tó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí baba ẹ̀, ẹ má bá a ṣeré.

— Ìwọ náà ì bá ṣe kí ni?

— Àgbà ti jẹ ayé. Ọmọ ò tíì tọ́ ọ wò.

— Ẹ̀yin lẹ̀ ń sọ bẹ́ẹ̀, torí kì í ṣe bàbá yín.

Ìyá ọmọ náà lajú. Ọmọ ń sanra. Bí ìyá rẹ̀ bá rí wa lójú títì, á gba òdìkejì lọ. Mi ò bínú sí i. Kí lèèyàn máa sọ? Ẹ ṣé?

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ láràárọ̀. Ó ń nu páńẹ́lì. Àwọn kan ń kúnlẹ̀ kí i. Á ní kí wọ́n dìde, á ní wọ́n ń dí òun lọ́nà.

Èmi ni mi ò kí i mọ́.


15.

ÀTẸ̀JÍṢẸ́, fóònù mi, ọ̀sán yìí

Ẹ̀GBỌ́N MI: Mo gbọ́ pé ò ń bi àwọn èèyàn káàkiri. O ò bi mí tán.
Ẹ̀GBỌ́N MI: Bóyá Bàbá sọ pé kí n yọ ọ́, bóyá wọn ò sọ. Èmi nìkan ni mo sún mọ́ ẹnu wọn.
Ẹ̀GBỌ́N MI: Mo lè sọ ọ́ fún ẹ bó ṣe rí gan-an. Àmọ́ ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ṣé o fẹ́ gbọ́?

Mo tẹ Bẹ́ẹ̀ ni. Mo pa á rẹ́.

Mo tẹ Rárá. Mo pa á rẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà níbẹ̀. Lórí fóònù tirẹ̀, ó ń rí i pé mò ń tẹ nǹkan.