Ọ̀nà Abẹ́nú

Baba Wáyà, tó ń tún ẹ̀rọ ṣe fún ọsibítù náà, ti tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin lára kọ̀ǹpútà kí obìnrin tó ń ya fọ́tò inú ara tó ráyè sọ pé kó rọra. Ó ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, eruku bò ó lójú, ó sín lẹ́ẹ̀mẹta. Láti orí bẹ́ǹṣì tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹnì kan wúkọ́, bí ẹni tó ń dá a lóhùn.

"Ẹ kú eruku o," ni ohùn náà wí láti ìta. Ẹ̀gbọ́n obìnrin náà lọ́kùnrin ni. Òun ló máa ń fi ọkọ̀ gbé e relé ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ó sì ti jókòó síbẹ̀ láti bí wákàtí kan.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ikọ́ yẹn ti ń pẹ́ jù. Oṣù mélòó ni? Kò fẹ́ kà á.

Ohun tó gbé Baba Wáyà wá kò ṣòro. Ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà náà lè gbà gbé àwòrán sójú. Ọ̀kan ni káàdì ńlá tí wọ́n rà lọ́tọ̀ tí wọ́n kì bọ inú rẹ̀, tó ní fáànù tirẹ̀, tó sì máa ń pariwo bí ẹni tó fẹ́ kí gbogbo ilé mọ̀ pé òun ń ṣiṣẹ́. Èkejì ni ọ̀nà abẹ́nú, èyí tí wọ́n ṣe mọ́ kọ̀ǹpútà náà láti ilé iṣẹ́ rẹ̀. Kì í pariwo, kì í sì í yára. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí káàdì ńlá ti ń ya wèrè. Á kàn da ẹ̀rún funfun sórí fọ́tò, pàápàá lókè lápá ọ̀tún, bí ìgbà tí iyọ̀ bá dà sórí aṣọ dúdú. Bí wọ́n bá ti fọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀rún náà á bá a lọ. Obìnrin náà sọ ọ́ ní Àlejò.

"Mo sọ fún yín nígbà náà," ni Baba Wáyà wí, orí rẹ̀ wà nínú àpótí kọ̀ǹpútà. "Mo ní ẹ jẹ́ n gbé e sí ti abẹ́nú títí a ó fi rí káàdì mìíràn. Ẹ ní ó ń wọ́."

"Ó ń wọ́ lóòótọ́. Ogójì èèyàn ló ń tò síta níbí láràárọ̀, Bàbá. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lù mí ni?"

Kò purọ́. Àlejò kò sì tíì pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí dókítà tó ń ka fọ́tò ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ní ọ́fíìsì rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni gbogbo fọ́tò ń lọ. Kìkì bóyá fọ́tò jáde dáadáa ni obìnrin náà ń wò lójú kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Bí ohun kan bá rú u lójú, ó ní òfin kan tó gbé kalẹ̀ fúnra rẹ̀: á ya ẹni náà lẹ́ẹ̀kejì. Bí àmì náà bá tún yọ níbi kan náà, a jẹ́ pé káàdì ni, nítorí káàdì kì í lọ síbì kankan. Òfin náà dùn mọ́ ọn nínú gan-an.

Gbogbo fọ́tò ló lọ sọ́dọ̀ dókítà, àfi ti ẹnì kan.

Ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí, ẹni tó fi iṣẹ́ ọkọ̀ wíwà rán an níwèé, wọlé tòun ti ikọ́. Kò gba nọ́ńbà, kò ṣí fáìlì. Àbúrò rẹ̀ ló ni yàrá. Obìnrin náà tẹ orúkọ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó sì yà á. Àmì kan wà lókè lápá ọ̀tún, kò tó hóró ẹ̀wà kan. Ó yà á lẹ́ẹ̀kejì, àmì náà tún wà níbẹ̀. Ni ó bá bú sẹ́rìn-ín.

"Bọ̀ọ̀dá, Àlejò ń kí yín o. Kò séwu lóko, àfi gìrìrì àparò. Ẹ lọ ra oògùn ikọ́."

Ọkùnrin náà wọ ẹ̀wù rẹ̀, ó ń dúpẹ́. Obìnrin náà kò fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí dókítà. Kí ló fẹ́ fi ọ̀rọ̀ káàdì tó ń ya wèrè yọ dókítà lẹ́nu sí?

Baba Wáyà tan kọ̀ǹpútà. Ó ń tẹ bọ́tìnnì kan léraléra títí ojú-ìwé ètò aláwọ̀ búlúù fi yọ. Ó wá ibi tí wọ́n kọ káàdì sí, ó yí i sí ti abẹ́nú. Ó pa á, ó fa wáyà yọ lẹ́yìn káàdì, ó kì í bọ ihò tó wà lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti kíbọ́ọ̀dù, ó sì tún un tàn. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú. Fáànù káàdì dákẹ́ bí kọ̀ǹpútà tilẹ̀ ti tàn, fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún yẹn, obìnrin náà sì gbọ́ ikọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáadáa láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó jinlẹ̀ ju bó ṣe rò lọ.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," ni Baba Wáyà wí. "Kì í kánjú, ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n."

Ìmọ́lẹ̀ dé. Obìnrin náà ṣí fọ́tò àárọ̀ yẹn, ó mọ́ tónítóní. Ó ṣí ti àná, ó ṣí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn tí ẹ̀rún ti bò títí tó fi ṣépè. Kò sí ẹ̀rún kankan mọ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fọwọ́ gbá Baba Wáyà léjìká. Inú dídùn náà ló gbé ọwọ́ rẹ̀ lọ sórí orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó fẹ́ rí i tó mọ́, kó sì pè é wọlé wá wò ó.

Fọ́tò náà ń rọra sọ̀kalẹ̀, ìlà kan tẹ̀lé ìlà kan. Èjìká yọ. Lókè lápá ọ̀tún, àmì náà jókòó síbẹ̀.

"Ó ku ẹyọ kan," ni Baba Wáyà wí.

"Ẹ dá a padà sí káàdì."

"Kí la tún fẹ́ fi káàdì ṣe?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà."

Ó dá a padà. Ẹ̀rún funfun dà bo fọ́tò, àmì náà sì wà láàárín wọn. Ó tún gbé e wá sí ti abẹ́nú. Ẹ̀rún lọ, àmì náà kò lọ. Obìnrin náà ṣí fọ́tò kejì, èyí tó fi dá ara rẹ̀ lójú lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Ibi kan náà gan-an ló wà. Ohun tó wà nínú ara èèyàn pẹ̀lú kì í lọ síbì kankan. Kí ló dé tí kò ro ìyẹn? Ìtìjú bò ó, ẹ̀rù sì tẹ̀lé ìtìjú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

"Ta ló ni í?" ni Baba Wáyà béèrè.

Ikọ́ tún dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Baba Wáyà wo ilẹ̀kùn, ó wo obìnrin náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò.

Obìnrin náà jáde lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ṣé wọ́n ti tún un ṣe?"

"Wọ́n ti tún un ṣe, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ jẹ́ n tún yín yà kí a tó lọ."

"O fẹ́ fi mí dán an wò, àbí?" Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́. "Kò burú. Èmi náà kúkú fẹ́ràn fọ́tò."

Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ kí àbúrò rẹ̀ tó ní kó bọ́ ọ. Eegun ọrùn rẹ̀ ti yọ síta. Ó ti fi ìṣó lu ihò mẹ́ta tuntun sára bẹ́líìtì rẹ̀, inú ẹ̀kẹta ló sì fi í kọ́, tí ìrù rẹ̀ gùn lọ dé ẹ̀gbẹ́. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì fún oṣù mẹ́rin ni àbúrò rẹ̀ fi jókòó tì í nínú ọkọ̀. Kò nílò káàdì kankan láti rí èyí.

Ọkùnrin náà lọ fàyà ti pákó, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó fọwọ́ lé ìbàdí. Obìnrin náà dúró lẹ́yìn gíláàsì.

"Ẹ mí sínú. Ẹ dá a dúró."

Ẹ̀rọ náà dún, ó sì parí. Ó ku kó sọ pé kó máa mí lọ. Ó mọ̀ pé bí òun bá ti sọ ọ́, á yíjú padà, á sì béèrè ohun tí òun rí. Lọ́hùn-ún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò mira, ó ṣì ń dá èémí dúró gẹ́gẹ́ bó ṣe ní kó ṣe.