Ìran Tí Wọ́n Fẹ́ Yọ

"Yọ ìran kejì kúrò," Uncle Akíntóyè wí. "Kí Èṣù kàn wọlé, kó fi ìbọn lé Eli lọ́wọ́. Ó parí."

Tiwa mí kanlẹ̀. Ohun tó sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá náà nìyẹn. Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wọn ní Grayson, nítòsí Atlanta, máa ṣe eré náà, Tiwa ló sì kọ ọ́: ìtàn Eli, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ní Atlanta tó yìnbọn pa ẹni tó ń ta epo mọ́tò. Ìbọn ò bí Uncle, olórí ẹgbẹ́ eré, nínú. Ohun tó ṣáájú ìbọn ni kò fẹ́: ọlọ́pàá tó ń dá Eli dúró lójú ọ̀nà ṣáá, àtìmọ́lé láìṣẹ̀, iṣẹ́ tó ti ibẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Uncle, tá a bá yọ ọ́, dúdú tó gbé ìbọn nìkan ni wọ́n máa rí. Ìyẹn kọ́ ni fíìmù ń fi hàn wá lójoojúmọ́?"

"Kí lo máa wá sọ fún ìyá ẹni tó kú? Pé ọlọ́pàá ló fà á?"

"Mi ò sọ pé Eli ò jẹ̀bi. Ó kúkú lọ sẹ́wọ̀n. Mo kàn ní ìbọn yẹn ò já bọ́ láti ọ̀run."

"Tiwa, ọ̀rọ̀ ẹ ti sú mi." Uncle bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ṣé ibòmíì làwa ń gbé ni? Ọlọ́pàá ní kí èmi náà dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ mi, tèmi taṣọ iṣẹ́ ọsibítù lọ́rùn. Ta ni mo pa?"

Aunty Péjú, ìyàwó rẹ̀, tó ń to àga lẹ́yìn wọn, dáwọ́ dúró. "Ìgbà wo nìyẹn, Bàbá Joanna?"

Uncle fi etí ẹ̀wù rẹ̀ nu awò náà.

"Kí ni wọ́n sọ fún yín, sà?" Tiwa rọra béèrè.

"Wọ́n ní níbo ni mo ti jí ọkọ̀." Ó ṣí ìwé eré náà padà sí ìran kejì. "Ọlọ́pàá tìẹ ń pariwo jù. Tèmi ò pariwo rárá. Ṣe ló ń rọra bi mí, bíi pé ó ti mọ̀. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kó o sì fi bàbá Eli sí i, ẹni tí wọ́n ṣe irú ẹ̀ fún tí ò pa èèyàn."

Aunty Péjú fa àga kan, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀.

"Ta ló máa ṣe bàbá?" Tiwa béèrè.

"Kọ ọ́ ná," ni Uncle wí.