Ọta Tí Lìádì Fi Ń Yin Àgbọ̀nrín

Gbogbo ọta kọ́ ló wà fún gbogbo ẹran o. Ọta wẹ́wẹ́ ni ti àparò àti òkété. Èyí tó ki díẹ̀ ni ti ọ̀yà àti ẹtu. Àgbọ̀nrín ńkọ́? Katiríìjì ọlọ́ta mẹ́sàn-án ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi tó ẹ̀wà. Ìyẹn kì í jẹ́ kẹ́ran dìde mọ́.

Ohun témi àti Lìádì máa ń jà sí nìyẹn. Ọmọ Ibido ni, ní Ṣàgámù, Mùsùlùmí pọ́ńbélé. Èmi, ọmọ Mẹ́tọ́díìsì Ìkẹ́nnẹ́. A jọ ń dẹ igbó kan lẹ́yìn Ògèrè ni. Ọta ọ̀yà ni Lìádì máa ń fi yin àgbọ̀nrín, kó má bàa kú kóun tó débẹ̀, kóun lè fọ̀bẹ dúǹbú ẹ̀, kó lè ṣeé jẹ nílé ẹ̀.

"Lìádì, àgbọ̀nrín tó gbọta tí ò kú, ìwo ẹ̀ ṣì wà lórí ẹ̀ o!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jẹ òkúǹbete, ẹ fi wá sílẹ̀ jàre."

Ọdún tí ìjọba padà sọ́wọ́ alágbádá, lọ́sàn-án gangan, Lìádì yìnbọn lu akọ àgbọ̀nrín kan. Mo gbọ́ ìró ẹ̀. Mo gbọ́ tó ké "Bìsìmílà!" tó ń sáré wọgbó lọ. Mi ò rí i mọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi wá a. Fìlà ẹ̀ nìkan la rí.

Ọdún mẹ́ta kọjá. Wúlẹ̀mọ̀tù ìyàwó ẹ̀, tó ń ta obì, ò gbà pó kú. Ará ilé ní tó bá di Jímọ̀, àwọn á ṣàdúà òkú, kí Mọ́ṣúdù, àbúrò Lìádì, sì ṣú u lópó. Ni Wúlẹ̀mọ̀tù bá wá bá mi.

"Bàbá Yétúndé, ẹ̀yin lẹ gbóhùn ẹ̀ kẹ́yìn. Ṣó kú ni àbí kò kú?"

Mo ní kó jẹ́ kí n padà síbi tí mo ti gbọ́ ohùn ẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, mo padà lọ sígbó yẹn. Mi ò débẹ̀ látìgbà tá a ti wá a tì. Ọ̀sán ni, gbogbo ẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, kòkòrò ò ké. Àgbọ̀nrín kan yọ. Mo fi ọlọ́ta mẹ́sàn-án yìn ín, ó ṣubú gbì. Kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ sí mi. Kí n tó débẹ̀, wọ́n ti dúǹbú ẹ̀.

Mo ní wọ́n ti dúǹbú ẹ̀! Wọ́n kọjú ẹ̀ sí gábàsì bí àwọn Mùsùlùmí ṣe ń ṣe, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń hó. Kò sípa ẹsẹ̀ kankan lórí ẹrẹ̀ àfi tèmi. Ọ̀bẹ mi wà nínú àkọ̀. Mo ní, "Lìádì?" Nǹkan kan ń mí lẹ́yìn ọrùn mi, hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé. Mi ò wẹ̀yìn o. Mo wọ́ ẹran náà dé títì, mo wọkọ̀ lọ sí Ibido.

Wúlẹ̀mọ̀tù wo ọrùn ẹran náà. "Ta ló dúǹbú ẹ̀?"

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ̀yin kọ́?"

"Ọlọ́run gbọ́, èmi kọ́."

Ó fọwọ́ kan ojú ibẹ̀. Mo rò pé á yọ̀, á ní ọkọ òun wà láàyè. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ká ní ó wà láàyè ni, òun fúnra ẹ̀ ni ì bá gbé e wálé. Oúnjẹ wa ló ṣì ń rò. Wọn ò jẹ́ kó sinmi. Èmi tí mi ò gbà pó kú ni mi ò jẹ́ kó sinmi."

Ó sunkún, ó se ẹran náà, ó bù ú káàkiri àdúgbò. Ní Jímọ̀ wọ́n ṣàdúà. Bí Mọ́ṣúdù ṣe ń fa àga sún mọ́ Wúlẹ̀mọ̀tù báyìí, obìnrin náà ní, "Àdúà òkú ni mo gbà, mi ò gba ọkọ."

Ọ̀sẹ̀ kejì, mo tún padà lọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ki ọta wẹ́wẹ́ ni, bíi ti Lìádì, kẹ́ran má bàa tètè kú. Mo yin ẹtu kan, ó ṣubú, ó ń japoró. Mo dúró síbi tí mo wà, mo kẹ̀yìn sí i kí ojú má bàa ti ẹni tó bá fẹ́ wá. Mò ń gbọ́ tó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀. Mo dúró títí tí ò fi janlẹ̀ mọ́.

Nígbà tí mo yíjú padà, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ọrùn ẹ̀.