Ìwé Tí Ẹnikẹ́ni Kò Fẹ́ Fọwọ́ Sí

Iṣẹ́ mi ni láti máa yẹ omi ìlú wò. Láràárọ̀, màá bu omi sínú ìgò kéékèèké láti ẹnu àwọn ẹ̀rọ omi káàkiri ìgboro, màá kán díẹ̀ nínú rẹ̀ sójú àwo pẹlẹbẹ, màá sì ti àwo náà bọ inú àpótí kan tó máa ń móoru bí ara èèyàn. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, màá ṣí àpótí náà. Bí omi bá dára, ojú àwo á mọ́ kedere. Bí ìdọ̀tí bá ti wọ̀ ọ́, nǹkan á ti hù sójú rẹ̀, bí ooru ṣe ń sú ọmọdé lára. Ìyá Ìgò ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. N kò bínú sí i. Orúkọ tó burú ju ìyẹn lọ wà nílé iṣẹ́ wa, àwọn tó ń jẹ́ ẹ kò sì mọ̀.

Láàárín ọdún mọ́kànlá tí mo ti wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo rí i tí nǹkan hù, kò sì ju ẹyọ méjì mẹ́ta lọ. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, mo ṣí àpótí ní aago mẹ́jọ àárọ̀, mo fa àwo àkọ́kọ́ jáde, n kò rí ojú àwo mọ́. Nǹkan pupa ti bò ó mọ́lẹ̀. Mo fa ìkejì, bákan náà. Mo fa ìkẹta, ó tún burú sí i. Ohun tó bá hù báyẹn kì í wá láti ibòmíràn ju inú ìgbẹ́ èèyàn lọ. Páìpù ìdọ̀tí kan ti là níbì kan, ó ti ń dà sínú omi tí gbogbo ìlú ń mu. Ẹ̀rọ tó yẹ kó máa kán kẹ́míkà sí omi náà láti pa kòkòrò kò sì ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ mẹ́ta. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nínú wa. Lẹ́tà tí wọ́n fi béèrè irin tuntun fún ẹ̀rọ náà ti wà lórí tábìlì Igbákejì Ọ̀gá láti oṣù méjì, ó ń gba atẹ́gùn.

Kí n má purọ́, ọwọ́ tèmi náà kò mọ́. Ní ìjẹta, ọkọ̀ tó ń gbé mi lọ bu omi kò wá, oòrùn sì mú. Mo jókòó sí yàrá mi, mo da iye tí mo kọ ní ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ kọ sínú ìwé: òdo. Gbogbo wa la máa ń ṣe é. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti omi pa lónìí, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa béèrè ni ọjọ́ tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ìwé mi sì ni wọ́n máa ṣí.

Fóònù ni mo kọ́kọ́ mú. Àbúrò mi obìnrin bímọ ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Omi ọyàn rẹ̀ kò tó ọmọ, nítorí náà mílíìkì inú agolo ló ń pò fún un.

"Má lo omi ẹ̀rọ o," ni mo wí. "Má fi pò mílíìkì, má tiẹ̀ fi fọ ẹnu. Ra omi inú ike."

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ṣáà ṣe bí mo ṣe wí."

"Ṣé kí n sọ fáwọn ará ilé? Aránṣọ ti jí, mò ń gbọ́ ohùn ọmọ ẹ̀."

Aránṣọ ni obìnrin tí yàrá rẹ̀ kọjú sí ti àbúrò mi. Òun ló gbé àbúrò mi dé ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ tó ń rọbí, nígbà tí ọkọ rẹ̀ kò sí nílé. Òun náà ló rán gbogbo aṣọ tí ọmọ ń wọ̀, kò sì gba nǹkan kan. Ó ní ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọdún méjì.

Mo rántí òdo tó wà nínú ìwé mi. "Má tíì sọ fẹ́nì kankan," ni mo wí. "Tí wọ́n bá bi ẹ́ pé ta ló sọ fún ẹ, kí lo máa wí? Jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí àwọn ọ̀gá. Wọ́n máa kéde ẹ̀ kó tó di aago mẹ́sàn-án."

Mo fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, mo sì sọ ọ́ bí ẹni tó dá a lójú.

Ọ̀gá Àgbà wa kò sí nílé. Ó rìnrìn àjò lọ síbi ìpàdé kan tí wọ́n ti ń jíròrò nípa omi tó mọ́. Igbákejì rẹ̀ ló wà níjòkòó. Ẹ Jẹ́ Ká Wò Ó ni à ń pè é lẹ́yìn, torí ìdáhùn kan ṣoṣo tó ní fún gbogbo ìbéèrè nìyẹn. Ó ń mu tíì nígbà tí mo wọlé. Mo gbé àwo kalẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó wo àwo, ó wo tíì, ó sì rọra fi ìka kan ti ife náà jìnnà sí ara rẹ̀ títí ó fi kan ògiri. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Mo na fọ́ọ̀mù tí a fi ń ti omi sí i. "Ẹ bá mi fọwọ́ sí i, sà. Kí wọ́n tì í, ká sì kéde fáráàlú."

"Èmi kẹ̀? Adelé lásán ni mí. Ọ̀gá ló ni àṣẹ."

"Ọ̀gá ò sí nílé, sà."

"Ìdí tó fi yẹ kó dúró nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí wọ́n dìbò. Àwọn tó wà lókè ń lọ káàkiri, wọ́n ń sọ pé àwọn fún ìlú lómi tó mọ́ gaara. Ṣé o wá fẹ́ kí èmi fi bírò mi sọ wọ́n di onírọ́?" Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Lọ bá Ọ̀gá Ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni."

Ọ̀gá Ẹ̀rọ ní ọ̀rọ̀ páìpù ni. Ọ̀gá Páìpù ní ọ̀rọ̀ ìlera ni, kí n lọ bá Akọ̀wé Àgbà. Akọ̀wé Àgbà ní kí n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kí n má dárúkọ ẹnikẹ́ni, kí n má sì kọ ọjọ́ sí i. Mo jáde, mo dúró sáàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti mí.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù gidi ti bà mí. Gbogbo ilẹ̀kùn ló ṣí díẹ̀, ohùn jẹ́jẹ́ sì ń ti inú yàrá kọ̀ọ̀kan jáde. Ọ̀gá Ẹ̀rọ ń sọ pé, "Sọ fún màmá kí wọ́n má mu ún o." Ọ̀gá Páìpù ń sọ pé, "Má fi se oúnjẹ àwọn ọmọ. Mo ní má bi mí nídìí." Igbákejì tí n kò rí kó kánjú rí láyé ń pariwo kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Dà á nù! Gbogbo ẹ̀! Kí o sì fọ korobá náà!" Gbogbo àwọn tó sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ náà kò kan àwọn ló ti pe ilé wọn. Bóyá ilé mẹ́wàá ló mọ̀ nínú gbogbo ìlú lásìkò yẹn, tiwa sì ni gbogbo rẹ̀. Mo fẹ́ bú wọn. Mo la ẹnu báyìí, ni mo bá rántí pé tèmi ló ṣáájú tiwọn.

Mo gba ẹ̀yìn ọgbà lọ sí ilé irin. Kẹ̀kẹ́ irin kan wà níbẹ̀ tó tó táyà ọkọ̀, òun ni wọ́n fi ń ti omi tó ń lọ sígboro. Bàbá tó ń ṣọ́ ọ ti lo ọgbọ̀n ọdún nídìí rẹ̀. Kì í yí i láìsí ìwé.

"Bàbá, ẹ bá mi tì í."

"Ìwé dà?"

Mo fún un. Ó gbé awò tó fi òwú so ní ẹsẹ̀ kan wọ̀, ó kà á títí. "Kò sí ọwọ́ ẹnì kan níbí."

"Wọn ò fẹ́ fọwọ́ sí i, sà."

"Ka ìlà tó kẹ́yìn yìí fún mi. 'Tàbí òṣìṣẹ́ tó bá kọ́kọ́ rí ewu náà.' Ta ló kọ́kọ́ rí i?"

Mo mọ ìlà náà. Láti aago mẹ́jọ ni mo ti mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

"Ẹni tó wà nípò ẹ kí o tó dé fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan," ni bàbá wí. "Mo tì í lójú ẹsẹ̀."

"Kí ni wọ́n ṣe fún un?"

"Wọ́n gbé e lọ síbi tí kò sí omi ẹ̀rọ rárá, kó lọ máa yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀." Bàbá rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ó na bírò sí mi. "Ọmọ mi, àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà níbí, àmọ́ wọn ò fún mi láṣẹ láti fọwọ́ sí nǹkan. Ìwọ ni wọ́n fún."

Mo gba bírò. Mo rí ara mi níwájú àwọn tó máa wádìí ọ̀rọ̀, mo rí ìwé mi tó ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì, mo rí àwọn ọmọ mi tí mo ń ṣàlàyé fún ìdí tí mo fi wà nílé. Omi ń hó lọ nínú páìpù lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, kò dúró dè mí.

"Ẹ jẹ́ kí n tún lọ bi Igbákejì lẹ́ẹ̀kan sí i, sà."

Bàbá gba bírò rẹ̀, ó fi há ẹ̀yìn etí. Aago mọ́kànlá ti kọjá.

Igbákejì ní ká wò ó di ọ̀sán. Mo padà sí yàrá mi, mo jókòó ti àpótí. Ìgbàkígbà tí ẹsẹ̀ bá dún lọ́dẹ̀dẹ̀, màá rò pé wọ́n ti wá mú mi. Kò sẹ́ni tó wá. Aago méjì ni fóònù dún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ Aránṣọ ń bì, ó sì ń yàgbẹ́ bí omi. Ojú ẹ̀ ti jìn wọnú. Wọ́n ti gbé e lọ sílé-ìwòsàn." Àbúrò mi ń sunkún. "Aránṣọ rí mi tí mò ń ra omi inú ike. Ó bi mí bóyá mo gbọ́ nǹkan kan. Mo ní rárá. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní wọ́n máa kéde."

Mo sáré dé ilé irin pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀. Mo fọwọ́ sí ìwé náà, mo kọ orúkọ mi gbàgàdà sábẹ́ rẹ̀. Bàbá tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó di kẹ̀kẹ́ irin mú, ó yí i, ó yí i, títí ariwo omi fi rọlẹ̀ tó sì dákẹ́. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ.

Kí n tó jáde ní ẹnu ọ̀nà, Igbákejì ti pè mí. "Ṣé orúkọ tìẹ nìkan ló wà lórí ìwé yẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí, ó sì gé fóònù. Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí rédíò. Ó ń sọ pé bí ilé iṣẹ́ omi ṣe rí ìṣòro kékeré kan báyìí ni wọ́n ti yára gbé ìgbésẹ̀.

Ilé-ìwòsàn ti kún. Àwọn ìyá jókòó sílẹ̀ títí dé ẹnu àtẹ̀gùn, ọmọ wà lẹ́sẹ̀ wọn, korobá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. N kò lè kà wọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀, nígbà tí mo dé mọ́kàndínlógún, mo dáwọ́ dúró. Aránṣọ wà nísàlẹ̀ fèrèsé, ọmọ rẹ̀ sùn sórí itan rẹ̀, wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ omi sí i lọ́wọ́. Ẹnu ọmọ náà ti gbẹ, ó sì funfun. Àbúrò mi dúró ti ògiri, ọmọ tirẹ̀ ń sùn fọnfọn lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀," ni Aránṣọ wí. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Wọ́n ní omi ni. Ẹ̀yin lẹ ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

Ó lè jẹ́ omi àná ni ọmọ náà mu. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ mi ni. Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ dé orí ahọ́n mi, ó sì dán. Bó bá jẹ́ Igbákejì ni, ì bá sọ ọ́ tán kí obìnrin náà tó dákẹ́. Mo gbé e mì.

"Aago mẹ́jọ àárọ̀," ni mo wí. "Mo pe àbúrò mi lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èmi ni mo ní kó má sọ fún yín."

Mo fẹ́ kó pariwo. Mo fẹ́ kó gbá mi létí níwájú gbogbo àwọn ìyá yẹn. Ó kàn fi etí aṣọ rẹ̀ nu ẹnu ọmọ ni, ó sì yí ojú sí àbúrò mi.

"Aago mẹ́wàá ni mo lọ pọnmi," ló wí. "Korobá yẹn wúwo. Ìwọ lo bá mi gbé e wọlé."

Èmi ni àbúrò mi ń wò, ó ń dúró kí n sọ ohun tí òun máa wí fún Aránṣọ.